Ọmọbìnrin Inú Lẹ́tà Dókítà Náà

Yàrá tí ọmọ mi ń lò nílé wa lókè òkun níbí, ní Riverdale, ló gbóná jù nínú gbogbo ilé. Èmi ni mo yàn án fún un nígbà tí a kó wọlé, nítorí pé oòrùn ọ̀sán máa ń gba ojú fèrèsé rẹ̀ wọlé, ihò tí ooru hítà ń gbà jáde sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn gan-an, kì í ṣe lókè àjà bíi ti àwọn yàrá yòókù. Bàbá rẹ̀ ní ó dà bíi pé mo fẹ́ yan ọmọ náà bí ẹ̀pà. Mo ní kí òun náà lọ yan ara rẹ̀ nínú tírélà. Tírélà ló ń wà, ó ń kó ẹrù láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì, nítorí náà òun kọ́ ló máa ń wà nílé nígbà tí ìrora bá dé. Èmi ni.

Ẹ̀jẹ̀ SS ni ọmọ mi ní. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe àrùn náà ní fòníkú-fọ̀ladìde létí rẹ̀ rí. Èmi àti bàbá rẹ̀ la jọ gbé e fún un láìmọ̀. Nígbà tí a fẹ́ra, kò sí ẹni tó ní ká lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Òtútù máa ń fa ìrora náà, àìmu omi tó máa ń fà á, ìrònú pàápàá máa ń fà á. Tó bá ti dé, inú egungun ló máa ń wà, kì í ṣe nínú ẹran ara. Nígbà tó wà ní kékeré, ó máa ń ké. Láti ìgbà tó ti dàgbà, kì í ké mọ́. Á di irin ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mú, á tẹjú mọ́ ibì kan lára ògiri, á sì máa mí díẹ̀díẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan wò ó bẹ́ẹ̀ rí, ó ní kò jọ ẹni tí nǹkan ń dùn.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ọmọbìnrin ni, kò tíì relé ọkọ, ẹ sì mọ ohun tí àwọn ìyá ọkọ máa ń béèrè kí wọ́n tó béèrè orúkọ. Nítorí náà, tí ohun kan bá rú mi lójú nípa ìtọ́jú rẹ̀, ọmọ ẹnìkan ni mo máa ń fi béèrè. Aunty kan wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà tó jẹ́ nọ́ọ̀sì àgbà ní ilé ìwòsàn kan lápá Decatur. Ó jù mí lọ dáadáa, ohùn rẹ̀ sì máa ń ròkè bíi ti ẹni tó ń bá adití sọ̀rọ̀. Nítorí tirẹ̀ la ṣe ń gbé ọmọ wa lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn tó jìnnà sí Decatur. Mo máa ń dúró dè é lẹ́yìn ìsìn, màá ní, "Aunty, ọmọ ẹnìkan ni o," òun náà á sì dá mi lóhùn lórí ọmọ ẹnìkan. Kò bi mí rí pé ọmọ ta ni. Èmi nìkan kọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ìyá inú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ló ní ọmọ ẹnìkan tirẹ̀.

Ìtàn ni ọmọ mi ń kà ní yunifásítì kan tí kò jìnnà sí Decatur, ó fẹ́ gboyè ọ̀mọ̀wé. Ohun tó yàn láti ṣiṣẹ́ lé lórí ni àwọn lẹ́tà dókítà kan tó gbé ayé ní Yúróòpù ní nǹkan bí irinwó ọdún sẹ́yìn. Gbajúmọ̀ ni ọkùnrin náà nígbà ayé rẹ̀. Èdè Látìn ló fi kọ púpọ̀ nínú àwọn lẹ́tà náà, ọmọ mi sì ti kọ́ Látìn dé ibi pé ó máa ń sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá tààrà láìkọ́kọ́ gba inú Gẹ̀ẹ́sì kọjá. Yorùbá rẹ̀ máa ń ṣe bí ẹni tó ń rìn nínú ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń débẹ̀.

Ibi ìfọṣọ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, aṣọ náà ni mo sì tún máa ń lọ̀ nílé lọ́jọ́ Sátidé. Ọmọ mi á gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sórí tábìlì ìjẹun, á máa túmọ̀, èmi á máa lọ aṣọ. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí dókítà náà ń tọ́jú, kò fojú kàn wọ́n rí. Wọ́n á kọ̀wé sí i láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n á sọ bí ìtọ̀ wọn ṣe rí, irú oorun tí wọ́n ń sùn, ibi tó ń dùn wọ́n àti ìgbà tó ń dùn wọ́n. Òun náà á kọ̀wé padà, á sọ ewé tí wọn yóò sè àti oúnjẹ tí wọn ò gbọdọ̀ fẹnu kàn.

"Bí ẹ̀yin àti Màmá Àgbà ṣe ń ṣe é lórí fóònù nìyẹn," ọmọ mi wí. Ìyá mi tó wà nílé lọ́hùn-ún ló ń pè bẹ́ẹ̀. "Wọ́n á ní, gbé orúnkún náà sún mọ́ fóònù kí n wò ó."

"Màmá Àgbà ò gba oyè dókítà."

"Dókítà yìí náà, tí ẹ bá rí àwọn oògùn tó ń kọ fún wọn, ẹ máa ní kí wọ́n dá Màmá Àgbà padà."

Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà. Kì í yára. Tí ìyá kan bá kọ̀wé pé ibà ń ṣe ọmọ òun, á kọ́kọ́ béèrè irú ibà tó jẹ́, bóyá àárọ̀ ló ń gbóná jù tàbí ìrọ̀lẹ́, kó tó sọ oògùn. Èmi náà fẹ́ràn kí èèyàn béèrè dáadáa.

Oríṣi lẹ́tà méjì ló wà. Àwọn kan jẹ́ ti iṣẹ́, èyí tó ń kọ sí àwọn aláìsàn àti sí àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn yòókù jẹ́ ti ilé, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló sì kọ ọ̀pọ̀ nínú wọn sí: òrùlé tó ń jò, wáìnì tó kan, ìjà pẹ̀lú ará ẹ̀gbẹ́ ilé. Ìwé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn tó kó àwọn lẹ́tà náà jọ tẹ́lẹ̀ kó wọn sí, kò sì sí ẹni tó kà wọ́n pọ̀ rí. Ọmọ mi ló gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Nínú ti iṣẹ́, dókítà náà ń bi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ léèrè nípa ọmọbìnrin kan tó ń tọ́jú, tí oríkèé ara rẹ̀ ń wú, tí ibà ń ṣe lóòrèkóòrè, tí kò sì fẹ́ jẹun. Nínú ti ilé, láàárín àkókò kan náà, ó ń sọ fún àbúrò rẹ̀ pé ọmọ òun ò lè wọ bàtà mọ́ nítorí ẹsẹ̀ tó wú, ó sì ti kọ ọbẹ̀.

"Mummy, ẹnì kan náà ni," ọmọ mi wí. Ó ti dìde dúró. "Ọmọ rẹ̀ ni! Ọmọ tirẹ̀ ló ń pè ní ọmọbìnrin kan."

"Kí ló dé tí kò kúkú sọ fún wọn pé ọmọ òun ni?"

Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di tábìlì mú. "Ẹ̀yin? Ẹ̀yin lẹ ń bi mí?"

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mi ò lè ṣe kí n má rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló túmọ̀ èsì tí ọ̀kan nínú àwọn dókítà náà kọ padà. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, ọkùnrin yẹn náà sì lókìkí. Ó ní kí dókítà wa má da ara rẹ̀ láàmú lórí ọmọbìnrin yẹn. Ó ní òun ti rí irú rẹ̀ rí, wọn kì í dàgbà. Kó fi agbára rẹ̀ tọ́jú àwọn tó máa yè, kó sì sọ fún àwọn òbí ọmọ náà pé kí wọ́n jẹ́ kó máa jẹ ohun tó bá wù ú. Bàbá ọmọ ló kọ èyí sí, kò sì mọ̀.

Mo gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. "Kí ni bàbá náà fèsì?"

"Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ó dúpẹ́?"

"Ó dúpẹ́. Ó sì ní kó jọ̀ọ́, kó dá ìwé kan tó yá lọ́wọ́ òun padà."

Inú bí mi sí ọ̀rẹ́ náà fún ọjọ́ púpọ̀, bí ẹni pé mo lè pàdé rẹ̀ ní ilé ìtajà. Ọmọ mi kò bínú. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé kò mọ ohun tó gbẹ̀yìn ọmọbìnrin náà. Àwọn lẹ́tà ìgbà òtútù tó tẹ̀ lé e kò sí nínú ìwé, wọn ò sì ya fọ́tò wọn sórí kọ̀ǹpútà. Inú àpótí ni wọ́n wà ní ilé ìkàwé ìlú kékeré kan láàárín àwọn òkè ní Yúróòpù, wọ́n sì fẹ́ ti ilé ìkàwé náà pa fún àtúnṣe tí òtútù bá ti parí. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí iṣẹ́ rẹ̀ ti bá a ṣètò ìrìn-àjò náà. Láìsí àwọn lẹ́tà yẹn, iṣẹ́ rẹ̀ kò lè parí bó ṣe fẹ́. Oṣù Kìíní ni yóò lọ.

Ó ra ẹ̀wù òtútù kan tó wúwo, aláwọ̀ ewé tó dúdú díẹ̀, ó gbé e kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Dókítà rẹ̀ ní tó bá ń mu omi dáadáa, tó bá wọṣọ tó nípọn, tó sì mọ ilé ìwòsàn tó máa sáré lọ níbẹ̀, òun ò ní kó má lọ. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó sọ ọ́. Ohun tó sọ nìyẹn gẹ́lẹ́: òun ò ní kó má lọ. Kò sọ pé kó lọ. Mo sọ ìyàtọ̀ méjèèjì fún ọmọ mi nínú ọkọ̀, ó sì gbé nǹkan ìgbọ́rin sétí.

Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, mo dúró de Aunty nọ́ọ̀sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì.

"Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ẹnìkan ni o."

"Ọmọ ẹnìkan tún ti dé! Kí ló tún ṣe é?"

"SS ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó fẹ́ lọ sí ìlú tí yìnyín ti ń bọ́, á sì pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀."

"Ṣé ó ti kọlu àyà rẹ̀ rí?"

"Ó ti kọlu àyà rẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀kan?"

"Ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ti ọdún yìí le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ̀rọ ló bá a mí fún ìgbà díẹ̀."

"Kídìnrín ńkọ́?"

Mo sọ ohun tí àyẹ̀wò sọ nípa kídìnrín. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mi ò fi ọ̀kan sílẹ̀, torí mo fẹ́ kó dá mi lóhùn dáadáa. Aunty ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀, ó ju Bíbélì sórí àga, ó sì yíjú sí mi.

"Sọ fún ìyá ọmọ náà pé kó jẹ́ kó lọ."

"Nínú òtútù yẹn, Aunty?"

"Nínú òtútù yẹn náà. Wò ó, èmi ni mo máa ń bá wọn jókòó. Èyí tó bá ti ń ṣe bí èyí tí o sọ yìí, wọn kì í pẹ́. Kì í ṣe pé mò ń ṣépè. Bó ṣe máa ń rí ni. Ṣé àìsàn náà kò ní bá a níbi tí ìyá rẹ̀ fi í pamọ́ sí ni? Kó jẹ́ kọ́mọ lọ wo ohun tó fẹ́ wò nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì ń gbé e. Àmọ́ o mọ àwọn ìyá wa, wọ́n á máa ṣọ́ ọmọ bí ẹni ń ṣọ́ wàrà lórí iná." Ó rẹ́rìn-ín, ó gbá mi léjìká. "O ti gba mọ́ínmọ́ín? Ó kù nínú lọ́hùn-ún."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tún bi í bóyá ìpàdé àwọn obìnrin ṣì wà ní ọjọ́ Sátidé.

Mo wọ inú ọkọ̀ mi, mo sì jókòó. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń juwọ́ sí mi, èmi náà ń juwọ́ sí wọn. Tí mo bá sunkún, ẹnì kan á kan gíláàsì, á bi mí pé kí ló dé, kí ni màá sì sọ? Ọmọ ẹnìkan kọ́ lèèyàn ń sunkún báyẹn lé lórí.

Mo pe bàbá rẹ̀ nígbà tí mo délé. Ó wà lójú ọ̀nà, mò ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnì.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Aunty nọ́ọ̀sì."

"Ṣé ó mọ̀ pé ọmọ wa ni?"

"Kò mọ̀."

Mo gbọ́ tó dín eré tírélà kù. Lẹ́yìn náà ó ní, "A jẹ́ pé òótọ́ ló sọ." Ó tún ní, "Jẹ́ kó lọ, ìyàwó mi."

Mo pa fóònù.

Òwúrọ̀ kan kí ìrìn-àjò náà tó dé ni, oòrùn kò tíì wọ yàrá, ọmọ mi sì ń ká aṣọ sínú àpótí. Ó ń ká ìbọ̀sẹ̀ onírun, ó sì ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì kúnlẹ̀ fún un. Orí kápẹ́ẹ̀tì, eékún méjèèjì.

"Mummy! Ẹ dìde! Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Má lọ."

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ẹ má ṣe èyí fún mi."

Ó gbá mi mú lábẹ́ apá, ó fẹ́ gbé mi. Mo wúwo jù ú lọ. Nígbà tí kò rí mi gbé, òun náà kúnlẹ̀, ojú wa wá ṣe déédéé ara wọn.

"Mo máa mu omi. Mo máa pè yín láràárọ̀. Ẹ jẹ́ kí n—"

"Mi ò ní dìde."

"Ẹ ò mọ ohun tí ẹ ń bẹ̀ mí pé kí n ṣe."

"Mo mọ̀ ọ́n."

Mo mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Mo sì mọ̀, kí eékún mi tó kan ilẹ̀, pé ọmọ tí a tọ́ bí a ṣe tọ́ ọ kò ní lè fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ kó wá wọ ọkọ̀ òfurufú. Bàbá rẹ̀ kò lè dá a dúró. Dókítà kò lè ṣe é. Èmi nìkan ló kù tó lè ṣe é. Ó wo àpótí náà, ó wo ẹ̀wù tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú rẹ̀ bíi ti ọmọdé.

"Ẹ dìde, Mummy. Mi ò lọ mọ́."

Wọ́n rán akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn lọ, ẹni tí iṣẹ́ tirẹ̀ kò tilẹ̀ jẹ mọ́ dókítà náà, pé kó bá wọn ya fọ́tò àwọn lẹ́tà kí ilé ìkàwé tó tì. Òtútù kò mú púpọ̀ ní Riverdale lọ́dún yẹn. Òjò ló ń rọ̀. Ọmọ mi ń mu omi. Ó ń jẹun. Ó ń sùn lábẹ́ kúbùsù tí mo yàn. Mò ń gba ẹ̀yìn ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjá, mo sì ń sọ nínú ara mi pé ó wà níbí, ó ń mí.

Ibẹ̀ náà ni àìsàn náà ti bá a. Ní ọ̀sán kan, nínú yàrá yẹn, láìsí òtútù, láìsí ohunkóhun tí mo lè tọ́ka sí. Nígbà tí àwọn tó ń wa ọkọ̀ aláìsàn dé, kò lè sọ orúkọ rẹ̀ fún wọn. Àyà rẹ̀ ló tún bá, ó sì pẹ́ ní ilé ìwòsàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tó máa fi jáde, dókítà fi fọ́tò egungun hàn wá, ó ní ẹ̀jẹ̀ kò dé orí egungun itan rẹ̀ ọ̀tún mọ́, ó ti ń kú. Ọ̀pá méjì ló fi ń rìn báyìí. Yunifásítì ní kó sinmi fún ìgbà díẹ̀, wọn kò sì sọ bí ìgbà díẹ̀ náà ṣe máa gùn tó.

Kò bá mi jà. Tí mo bá gbé oúnjẹ wá, á ní, "Ẹ ṣé, Mummy." Tí mo bá mú un lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, á ní, "Ẹ ṣé, Mummy." Ohùn kan náà, ó sì bọ̀wọ̀. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ ti fi àwọn fọ́tò náà ránṣẹ́ tipẹ́tipẹ́. Mo bi ọmọ mi ní ọjọ́ kan bóyá kò ní ṣí wọn.

"Rárá, Mummy."

"Ṣé o ò fẹ́ mọ ohun tó gbẹ̀yìn ọmọ náà?"

"Mo mọ̀ ọ́n," ó wí, ó sì yíjú sí ògiri.

Tí wọ́n bá dá mi padà sí òwúrọ̀ yẹn, tí ẹ̀wù náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, màá tún kúnlẹ̀. Mo ti rò ó láti ibi gbogbo, ibi kan náà ni mo ń dé.

Nígbà tí wọ́n rí ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí ohun tí a tún lè fi pamọ́. Aunty nọ́ọ̀sì wá kí wa nílé. Ó mú èso wá nínú apẹ̀rẹ̀. Ó wọ yàrá lọ, ó bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀. Nígbà tó jáde wá sí pálọ̀, kò jókòó. Ohùn rẹ̀ tó máa ń ròkè ti lọ sílẹ̀.

"O ò bá ti sọ fún mi."

"Tí mo bá ti sọ fún yín, Aunty, ṣé ẹ máa sọ ohun tí ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn?"

Ó ronú sí i. "Rárá. Màá parọ́ fún ọ."

"Ẹ parọ́ fún mi nísinsìnyí."

Ó di ọwọ́ mi mú. Ó la ẹnu, mo sì dúró dè é. Mo mọ irú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́, èyí tí wọ́n ń sọ fún gbogbo ìyá. Ó tún pa ẹnu rẹ̀ dé. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohun tó bi mí ni oògùn tí wọ́n fi fún un lọ sílé, àti ẹ̀ẹ̀melòó ló ń lò ó lóòjọ́. Mo sọ fún un. Ó bi mí bóyá ó ń sùn. Mo sọ ìyẹn náà. Ó ń béèrè, mò ń dáhùn, àwa méjèèjì dúró láàárín pálọ̀, kò sì wo ojú mi.